Ser, estar, gustar: ẹ fi Yorùbá wò ó

Láti Valencia:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìbéèrè ser àti estar, ọ̀rọ̀ ìṣe méjì tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi "is" kan ṣoṣo sọ, kì í tán nílẹ̀ láàárín àwa tó ń kọ́ èdè Sípáníìṣì, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yé èmi. Ní kíláàsì wa níbí, olùkọ́ ní ohun tí kì í yí padà la ń lo ser fún, èyí tó ń yí padà ni ti estar. Ìyá kan tó wá láti Senegal nawọ́, ó ní: "Òkú ńkọ́? Kí ló dé tí wọ́n fi ń lo estar fún un, está muerto, ó ti kú? Ṣé ikú máa ń yí padà ni?"

Ìbéèrè ìyá yẹn ló là mí lójú. Ser ń sọ ohun tí nǹkan jẹ́. Estar ń sọ ipò tó wà, tàbí ibi tó wà. Es médico (ser nìyẹn): ó jẹ́ dókítà. Está en casa (estar nìyẹn): ó wà nílé. Kò sí Yorùbá tó máa ní "ó jẹ́ nílé". Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń ronú ló ń dà á rú, torí "is" kan náà ló fi ń sọ méjèèjì.

Sípáníìṣì àti Yorùbá níbi tí wọ́n ti yà o. Tó bá jẹ́ ìnáwó, ser ni wọ́n ń lò fún ibi tí wọ́n ti máa ṣe é: la fiesta es en mi casa, ilé mi ni ìnáwó náà ti máa wáyé. Bẹ́ẹ̀ sì ni es listo, olóye ni. Está listo, ó ti ṣe tán.

Láti Houston:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Gustar, ọ̀rọ̀ ìṣe tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan wu èèyàn, lèmi fẹ́ fi kún un. Àwọn ará Mẹ́síkò pọ̀ níbi iṣẹ́ wa, me gusta ni mò ń gbọ́ láàárọ̀ lálẹ́. Àwọn tó ń bá a jìjàkadì máa ń wá "mo" nínú gbólóhùn náà. Kò sí níbẹ̀. Me gusta esa camisa: ṣẹ́ẹ̀tì yẹn wù mí. Ṣẹ́ẹ̀tì ló ń wuni, ìdí nìyẹn tó fi di me gustan esas camisas tó bá ti ju ẹyọ kan lọ. Me duele la cabeza náà nìyẹn: orí ń fọ́ mi.

Ẹ ṣọ́ra fún coger o. Ní Sípéènì, wọ́n ń fi sọ pé àwọn wọ bọ́ọ̀sì. Ní Mẹ́síkò àti Ajẹntínà, ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ni, kò ṣeé sọ ní gbangba. Tomar ni kẹ́ ẹ máa lò.

Láti Madrid:
Usted ni tèmi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní ká máa fi bá ẹni tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀, bí tú ṣe jẹ́ "ìwọ". Níbí, ọmọdé tó ń tajà á pe àgbàlagbà ní tú, ẹnikẹ́ni ò ní bínú. Ara mi ò tíì gbà á. Ṣùgbọ́n ará Bogotá ní Kòlóńbíà ni ìyàwó àbúrò mi, usted sì ni ìyá rẹ̀ fi ń bá àwọn ọmọ tó bí sọ̀rọ̀, tìfẹ́tìfẹ́. Nítorí náà, usted kì í ṣe "ẹ" tiwa délẹ̀délẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ lẹ óò máa ṣọ́: tú tienes (ìwọ ní), àmọ́ usted tiene, bíi ti él àti ella, ìyẹn òun ọkùnrin àti òun obìnrin.