"Dídán" kọ́, geere ni: àwòrán orí purojẹ́tọ̀ nípàdé ẹgbẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Bá a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tá a máa fi rọ́pò ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé bí ẹnì kan bá ń fi purojẹ́tọ̀ fàwòrán han àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí ò há tí ò dúró, "àfihàn dídán" ni ká máa pè é. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn o, àmọ́ mi ò lè fara mọ́ ọn. Ara nǹkan ló máa ń dán, bàtà dán, irun dán. Àwòrán lè dán lójú ògiri kó sì máa kọsẹ̀ lójú ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ ìrìn là ń sọ níbí, ohun tó bá sì rìn dáadáa a máa ń ní ó ń lọ geere. "Àfihàn tó ń lọ geere", ó tán, kò dìgbà tá a bá lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan.

Torí ẹni tó bá gbọ́ dídán, àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ nìkan lá máa dù, á wá kó fọ́tò ńláńlá lọ sípàdé. Fọ́tò 6000 × 4000 jẹ́ mílíọ̀nù 24 ẹyọ píksẹ́lì (àwọn àmì tín-ín-tín tó para pọ̀ di àwòrán), purojẹ́tọ̀ 1920 × 1080 ò sì lè gbé ju bíi mílíọ̀nù 2 jáde, nítorí náà kọ̀ǹpútà á máa fún un kéré nígbà gbogbo téèyàn bá tẹ bọ́tìnì: àwòrán tó wà níbẹ̀ ò tíì lọ tán, èyí tuntun á yọjú díẹ̀, á dúró, á tún ṣàdédé fò wọlé. Ẹ dín in kù látilé, ẹ tọ́jú ẹ̀ sí JPEG (irú fáìlì fọ́tò kan) pẹ̀lú àwọ̀ sRGB (ètò àwọ̀ tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mọ̀), ẹ kó fídíò sínú kọ̀ǹpútà gan-an dípò kẹ́ ẹ máa fi fláàṣì ṣí i, kẹ́ ẹ sì pa ariwo mẹ́séèjì. Geere tí mò ń wí nìyẹn, kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹlòmíì ní "ẹ̀rọ amáwòrán-hàn" ni ká pe purojẹ́tọ̀. Tẹlifíṣọ̀n náà ń fàwòrán hàn, ẹ jọ̀ọ́, a sì ti ní amóhùnmáwòrán. Ti purojẹ́tọ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ inú ẹ̀ á jáde lọ bà sára nǹkan míì, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ "atanwòrán-sógiri". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ní "tàn" tún lè jẹ́ ẹ̀tàn, "sógiri" tó tẹ̀ lé e ti dí ojú ọ̀nà yẹn. Síláìdì ní tiẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, gbogbo ẹnu ló mọ̀ ọ́n.

Ó ku ìgbà tí àwòrán kan bá ń rọra lọ tí èkejì ń rọra bọ̀. Mo rí "ìpòórá" tẹ́ ẹ kọ, àmọ́ èyí àkọ́kọ́ ò tíì pòórá tí èkejì fi ti wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì jọ wà lójú ògiri fún ìṣẹ́jú àáyá kan. "Ìyọ́wọra" ńkọ́?