Ṣé prime ni 1,234,567? Ẹ dákun, ẹ bá wa dá sí i

Ìyá Tóbi, Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ JSS 3 sọ irú nọ́ńbà tí 1,234,567 jẹ́. A ti fi 2, 3, 5, 7, 11 àti 13 pín in, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣẹ́ kù. Ṣé kí wọ́n kọ ọ́ pé prime ni, ìyẹn nọ́ńbà tó ju 1 lọ tó jẹ́ pé 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan ló lè pín in láìṣẹ́kù? Ibo gan-an la ti ń dúró?

Ẹ̀gbọ́n Ṣágámù: Ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́, Mà, kì í ṣe prime. 1,111 lọ́nà 1,111 jẹ́ 1,234,321; 1,112 lọ́nà 1,112 ti di 1,236,544, ó ti kọjá. Bí nọ́ńbà méjì bá máa bí i, ọ̀kan nínú wọn kò lè ju 1,111 lọ. Ibẹ̀ la ti ń dúró. Prime 186 ló wà láti 2 dé ibẹ̀.

Fún 7, 11 àti 13, ìṣirò kan ṣoṣo ti tó. Ẹ gé e ní mẹ́ta-mẹ́ta láti ọwọ́ ọ̀tún: 567, 234, 1. Ẹ yọ 234 kúrò nínú 567, kí ẹ fi 1 kún un, ó di 334. Ẹ wá fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pín 334: ó ṣẹ́ ku 5, 4 àti 9. Ohun tó mú un ṣiṣẹ́ ni pé 7 lọ́nà 11 lọ́nà 13 jẹ́ 1,001. Ọmọ tó bá gé e láti ọwọ́ òsì, 123, 456, 7, ti ṣì í nìyẹn.

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́: 127 ló pín in: 127 lọ́nà 9,721. Prime kọkànlélọ́gbọ̀n ni 127, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá dúró sí 97 fi máa búra pé prime ni. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: 9,721 lọ́nà 100 jẹ́ 972,100, lọ́nà 27 jẹ́ 262,467. Ẹ ro wọ́n pọ̀.

Ìyá Tóbi, Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ ṣeun, sà. Ṣé a tún máa bẹ̀rẹ̀ ìpín lórí 9,721 ni?

Tíṣà Ìkẹ́nnẹ́: Rárá o. Ohunkóhun tó bá pín 9,721 láìṣẹ́kù á pín odindi náà, bẹ́ẹ̀ gbogbo prime tó kéré sí 127 ló ti kùnà lórí odindi. 99 lọ́nà 99 sì ti jẹ́ 9,801. Prime ni 9,721. Kí àwọn ọmọ kọ ìdí yìí sílẹ̀ o. Ó ṣe pàtàkì ju ìdáhùn gan-an lọ.

Àbúrò Ìjẹ̀bú-Òde: Nípa irú tó jẹ́: mẹ́rin péré ló pín in, 1, 127, 9,721 àti òun fúnra rẹ̀. Ẹ ro mẹ́ta àkọ́kọ́ pọ̀, 9,849 ni, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn, nítorí náà nọ́ńbà aláìtó ni. Ti 28 yàtọ̀: 1, 2, 4, 7 àti 14 ró pọ̀ di 28 gẹ́lẹ́, nọ́ńbà pípé nìyẹn.

Ó tún ku ọ̀kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Bí a bá lọ́po nọ́ńbà kan ní ara rẹ̀, tí a fi 4 pín èsì rẹ̀, 0 tàbí 1 ló ń ṣẹ́ kù. Méjì irú wọn pọ̀ ò lè ṣẹ́ ku 3 láé. 67 tó wà níparí nọ́ńbà wa ṣẹ́ ku 3, nítorí náà kò sí méjì irú wọn tó lè ró pọ̀ di 1,234,567.