Ọmọdé tó ń ṣa bọ́ọ̀lù nínú eré lacrosse: ibo ló yẹ kí wọ́n dúró sí?

Olùbéèrè, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní Benin) níbí, a fẹ́ ṣe ìdíje kékeré fún àwọn ọ̀dọ́ nígbà ìsinmi, ìyẹn lacrosse, eré tí wọ́n ń fi igi tó ní àpò àwọ̀n lórí ju bọ́ọ̀lù sílé. Àwọn kan ní kí ọmọ ọdún 8 sí 10 máa ṣa bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ojú ilé (góòlù), bíi ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ọkàn mi ò balẹ̀ sí i.

Olùkọ́ eré ìdárayá, Kétu:
Ẹ má fi ọmọdé síbẹ̀ rárá. Bọ́ọ̀lù yẹn kò ní afẹ́fẹ́ nínú. Rọ́bà líle ni, ó tó gíráàmù 145. Láti ojú ilé dé ìlà ẹ̀yìn kò ju nǹkan bíi mítà 14 lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí kan, ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló máa fi débẹ̀. Ọmọ wo ló máa yẹ ìyẹn?

Ohun mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kì í rò. Bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sílé bá jáde, ẹgbẹ́ tí eléré rẹ̀ sún mọ́ ọn jù ló ni ín. Nítorí náà, tọ̀tún tòsì ló máa ń sáré kọrí sí ìlà ẹ̀yìn, tàwọn ti igi ní nínà. Ọmọ tó bá wà lójú ọ̀nà wọn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ to bọ́ọ̀lù mẹ́rin mẹ́rin sí ìlà ẹ̀yìn méjèèjì àti ẹ̀gbẹ́ tábìlì àwọn tó ń kọ àmì ayò, kí ẹnikẹ́ni má bàa máa lé èyí tó jáde. Ẹ ta àwọ̀n sẹ́yìn ojú ilé, kó ga ní mítà 3, kó fẹ̀ ní mítà 9. Àwọ̀n apẹja tó nípọn ṣe é lò, bí ojú rẹ̀ kò bá ju sẹ̀ǹtímítà 4 lọ. Ẹ má fà á le, kó má bàa ta bọ́ọ̀lù padà. Ẹ jẹ́ kí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wọ́ nílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fara tì í. Àgbà tó dé akoto olójú irin ni kó máa ṣa bọ́ọ̀lù níbẹ̀, lẹ́yìn tí fèrè bá ti dún.

Nọ́ọ̀sì, Ṣábẹ̀ẹ́:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ Ọ̀gá Olùkọ́. Àmọ́ àyà ló ń bà mí lẹ́rù ju orí lọ. Bí bọ́ọ̀lù bá bá ọmọ láyà, tó ṣe kòńgẹ́ àárín ìlù ọkàn méjì, ọkàn lè máa gbọ̀n dípò kó máa lù. Egungun àyà ọmọdé rọ̀, òun ló fi burú fún wọn. Ọmọ náà lè gbé ẹsẹ̀ kan tàbí méjì kó tó ṣubú. Ẹ má da omi sí i lára. Bí kò bá dáhùn, tí kò sì mí dáadáa, kí ẹnì kan pe àwọn panápaná ní 118, kí ẹlòmíràn máa tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbàyà lásán, ìyẹn ohun tí eléré ń dè mọ́ àyà fún ààbò, kò tó o. Èyí tó ní àmì NOCSAE ND200, ìlànà Amẹ́ríkà fún ohun tó ń dáàbò bo ọkàn nínú eré, ni kí ẹ wá.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé gan-an. Akoto alùpùpù ńkọ́? Iṣẹ́ wo la wá lè fún àwọn kékeré?

Olùkọ́ eré ìdárayá, Kétu:
Akoto alùpùpù wúwo jù fún ọrùn wọn, ó sì ń dí wọn létí. Kí wọ́n wà lẹ́yìn tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kí àgbà kan wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n má sì kọ ẹ̀yìn sí eré. Kí wọ́n máa ka bọ́ọ̀lù, kí wọ́n máa nù ún, kí wọ́n yọ èyí tó ti ń dán sọ́tọ̀, torí ó máa ń yọ̀ jáde lórí igi, a sì gba ibi tí ẹni tó jù ú kò fẹ́. Ìgbà ìmúra kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ jù: bọ́ọ̀lù mẹ́wàá lè máa fò lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n má dé etí pápá rárá lásìkò yẹn.