Èsì: «Ìkunra-ẹni-lóorun» kò bá nǹkan náà mu

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ṣẹ̀dá lánàá fún bọ́tìnnì tí aláìsàn fi ń bu oògùn fún ara rẹ̀ nígbà tí dókítà ń fi kámẹ́rà wo ìfun rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sókè. Kí ẹ tó dé «ẹni», òróró ìkunra inú Bíbélì ni etí ti gbọ́. Mo mọ̀ pé «kùn» ti «oorun ń kùn mí» ni ẹ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ. Ìpara ló kù níbẹ̀.

«Oorun» gan-an ló burú jù. Òògbé ni wọ́n ń wá: kí a pè é, kó dáhùn. Bó bá sùn wọra, ọwọ́ á rọ, kò ní lè tẹ bọ́tìnnì mọ́, oògùn á sì dúró. Ààbò ètò náà nìyẹn, òun ni ẹbí ò ṣe gbọdọ̀ bá a tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó mú «àdásùn» wá ńkọ́? Àdásùn ni ti obìnrin tí ọkọ rẹ̀ rìnrìn àjò! Ta ló dá wà níbẹ̀? Kí aláìsàn tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì ni dókítà ti pinnu iye tí títẹ̀ kan yóò gbé jáde, àti ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ yóò fi ti ara rẹ̀ pa. Ẹ wo ti mọ́fíìnì, oògùn ìrora, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: wọ́n sábà máa ń fi sí mílígíráàmù 1, kí ó tì fún ìṣẹ́jú 5. Bó tẹ̀ ẹ́ nígbà ogún láàárín ìṣẹ́jú yẹn, ẹyọ kan ni yóò rí gbà. Ní ti oògùn òògbé, propofol, tó funfun bíi wàrà, kì í pé ìṣẹ́jú kan kó tó dé ọpọlọ; midazolam ń falẹ̀ jù ú lọ. Bí àkókò títì bá kúrú ju àkókò tí oògùn fi ń ràn, aláìsàn á ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí àkọ́kọ́ tó mú un, gbogbo rẹ̀ á wá dé lẹ́ẹ̀kan, èémí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Flumazenil ń lé midazolam. Propofol kò ní apẹ̀rọ̀. Ẹ gbé àgbọ̀n aláìsàn sókè, ẹ fún un ní ọ́síjìn, ẹ dúró tì í títí oorun yóò fi dá lójú rẹ̀. Ẹni tó mọ ìtọ́jú èémí gbọ́dọ̀ jókòó tì í. «Dá» ti «àdásùn» kò sí níbẹ̀.

Àbá tèmi ni «àtẹ̀tòògbé». A ti gba «àtẹ̀jíṣẹ́» tipẹ́, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ẹ má gbàgbé àmì abẹ́ o: «àtètòògbé» ni ti ẹni tó tètè ń tòògbé.

Ẹ ó ní Entonox, gáàsì tí wọ́n ń fà símú ní Bìrìtìkó, kò ní bọ́tìnnì: aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń di ìbòmú mú, ìgbà tó bá fa èémí nìkan ni fáàfù ń ṣí. Mo gbà, kò sí ohun tí a tẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrora ni ìyẹn ń bá jà jù, ẹ jẹ́ ká wá orúkọ tirẹ̀ fún un.

Ẹ sì kọ «akunnilóorun» (ohun tó ń kunni lóorun) dáadáa, n méjì ni: «kun» àti «ẹni». Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo ń sọ ọ́ rèé.