Láìsẹ́ǹsì ti wà, oníduúró ni kò sí

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣágámù ni mò ń gbé. Ọdún 4 ni mo fi ṣe mọ́tò bọ́ì lẹ́yìn ọ̀gá kan. Kò sí kòtò tí n ò mọ̀ lọ́nà Bìní. Mo ti gba láìsẹ́ǹsì G, èyí tó wà fún tírélà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọlọ́kọ̀ tí mo bá ní Ògèrè, ohun kan náà ni wọ́n ń bi mí: “Oníduúró ńkọ́?” Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò lè dúró fún ẹni tó ń wakọ̀ lóru (n ò bá a jà). Ẹnìkan tún ní kí n sanwó kóun tó mú mi wọ iléeṣẹ́ kan. Ara fu mí. Ṣé kí n kọ́kọ́ máa fi típà kó yanrìn ná, àbí kí n lọ bẹ ọ̀gá mi kó dúró fún mi? A ó fi ẹ̀rín pínyà o.