Kamdorn, pílánẹ́ẹ̀tì tí mi ò kà sí: ẹ sọ ìrírí tiyín nídìí Twilight Imperium

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ti jókòó rí nídìí eré yìí, eré orí tábìlì tí àwọn ẹ̀yà ti ń du ìjọba sánmà, ẹ bá mi sọ tiyín síbí. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú, torí ó ṣì ń dùn mí.

Àwa mẹ́fà la jókòó. A bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ilẹ̀ ti ṣú ká tó parí. Àlàyé òfin nìkan gba wákàtí kan ààbọ̀, torí àwa mẹ́ta ò ṣe é rí. Wọ́n to páálí onígun mẹ́fà yíká, pílánẹ́ẹ̀tì Mecatol Rex wà láàárín gbùngbùn, kálukú sì ní ilé tirẹ̀ létí. Ẹ̀yà mẹ́tàdínlógún ló wà nínú àpótí ẹ̀dà kẹrin tó jáde ní 2017. Hacan ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, àwọn oníṣòwò olójú kìnnìún. Inú mi dùn gan-an. Aládùúgbò nìkan ni àwọn yòókù lè bá dúnàá dúrà, ṣùgbọ́n Hacan lè bá ẹnikẹ́ni ṣòwò níbikíbi tó bá wà. Bí mo ṣe di aláròóbọ̀ gbogbo sánmà nìyẹn. Ẹni méjì á máa jà, èmi á máa tajà fún àwọn méjèèjì. Ẹnìkan tiẹ̀ sanwó fún mi kí n ṣáà ti dákẹ́.

Ojú àmì mẹ́wàá la ń lé. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, mo ti ní mẹ́jọ. Wọ́n wá ṣí káàdì tuntun: ẹni tó bá ná ọjà mẹ́wàá (àmì òwò tí a ń ná bí owó) lẹ́ẹ̀kan náà yóò gba ojú àmì méjì. Ọjà mọ́kànlá ló wà níwájú mi. Mo gbójú sókè, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ mọ́.

Mo sì ti kó gbogbo ọkọ̀ mi lọ sí Mecatol Rex. Kì í ṣe pé mo nílò ibẹ̀ o. Ó kàn wù mí kí wọ́n máa rí mi láàárín ni.

Ilé Hacan ní pílánẹ́ẹ̀tì mẹ́ta: Arretze, Hercant àti Kamdorn. Mo fi ọmọ ogun méjì ṣọ́ Arretze níbi tí ibùdó ọkọ̀ mi wà, mo fi ẹyọ kan sórí Hercant. Kamdorn ńkọ́? Òdo ni wọ́n kọ sí i fún ohun àmúṣọrọ̀, mo fi í sílẹ̀ lófìfo. Aládùúgbò ọ̀tún mi ti fi mí lọ́kàn balẹ̀ láti ọ̀sán pé òun ò ní wọ ilé mi. Ìwé òfin sọ ọ́ kedere pé àdéhùn tí èèyàn lè mú ṣẹ lójú ẹsẹ̀ nìkan ló de èèyàn, ti ẹ̀yìn ọ̀la, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Èmi náà ni mo ka ibẹ̀ sókè láàárọ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́.

Ó fi ọkọ̀ akẹ́rù kan gbé ọmọ ogun méjì wọlé, ó sọ wọ́n kalẹ̀ sórí Kamdorn. Kò fọwọ́ kan Arretze rárá. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí ló fẹ́ fi òdo ṣe. Ẹnìkan rọra ṣí ìwé òfin, ó tì í síwájú mi: ẹni tí gbogbo pílánẹ́ẹ̀tì ilé rẹ̀ kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè gba ojú àmì kankan lórí káàdì gbangba, irú èyí tí wọ́n ṣí fún gbogbo wa yẹn.

Tókìnì ìgbésẹ̀ mi, èyí tí èèyàn ń fi síbi tó bá fẹ́ kó ọkọ̀ lọ, ti tán. Wọ́n ti lo Leadership, káàdì tí èèyàn fi ń gba tókìnì, ní ìyípo yẹn, kò sí bí mo ṣe lè ra òmíràn. Mo jókòó ti ọjà mọ́kànlá bí ẹni tó gbé owó dé ọjà tí ọjà ti tú. Ẹni tó wà ní òdìkejì mi, tí kò jagun kan láti àárọ̀, gba ojú àmì kan, tirẹ̀ pé mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ti Support for the Throne, káàdì tó ń fún ẹni tí a bá fún ní ojú àmì kan. Aládùúgbò yẹn ti bẹ̀ mí pé ká ṣe pàṣípààrọ̀ káàdì náà, mo kọ̀, torí mi ò fẹ́ kó gba ojú àmì kan lọ́wọ́ mi. Ká ní tèmi wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, bó bá ṣe fi tókìnì síbi tí nǹkan mi wà báyìí, káàdì á padà sọ́dọ̀ mi, ojú àmì rẹ̀ á dín kan. Ṣé ẹ rò pé ì bá ṣì wọlé?

* * *

Ì bá wọlé! Èmi náà ì bá wọlé, ẹ má bínú. Kí ni ojú àmì kan lójú ẹni tó fẹ́ dá yín dúró kí ẹ má jẹ ẹ́? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ì bá ti ní mẹ́sàn-án, ẹ̀yin ni ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Tèmi ò tó ti yín. Ẹ̀yà Sol ni mo mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ní ọkọ̀ ogun ńlá (dreadnought) méjì àti akẹ́rù kan níbi tí mo kọ́ ibùdó sí, mo sì fẹ́ fi kún wọn kí n tó kọlu ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fi tókìnì síbẹ̀, mo kọ́ ọkọ̀ tuntun, orí mi wú. Nígbà tó tún kàn mí, mo nawọ́ pé kí n máa kó wọn lọ sójú ogun. Wọ́n ní kí n dúró ná. Ibi tí tókìnì rẹ bá wà, ọkọ̀ rẹ tó wà níbẹ̀ kò lè kúrò títí ìyípo yóò fi parí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ ogun mi! Ẹni tí mo fẹ́ kọlù kó gbogbo ọkọ̀ tó fi ń ṣọ́ mi lọ bá ẹlòmíràn jà. Ó tiẹ̀ kí mi pé ó dàárọ̀ kó tó lọ.

Tókìnì ò sì pọ̀ o. Mẹ́jọ ni wọ́n ń fún èèyàn níbẹ̀rẹ̀: mẹ́ta fún ìgbésẹ̀, mẹ́ta fún ọ̀wọ́ ọkọ̀, méjì láti fi tẹ̀lé káàdì ẹlòmíràn. Ní báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ kọlu ni, màá wá kọ́lé lẹ́yìn.

* * *

Tèmi ò gùn. War Sun, ọkọ̀ ogun tó lágbára jù. Iye owó rẹ̀ jẹ́ méjìlá, dáìsì mẹ́ta ló ń jù, ẹ̀ta sókè ti bà lórí dáìsì olójú mẹ́wàá. Mo fi kọlu ọkọ̀ cruiser kan ṣoṣo tí iye owó rẹ̀ jẹ́ méjì. Mo ju ení, èjì, ení. Òun ju ẹ̀jọ. Ọkọ̀ mi lè fara gbọgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan kó tó kú, mo sì yí i dẹ̀gbẹ́ láìjanpata. Ni ọ̀gbẹ́ni bá ta Direct Hit sórí tábìlì: ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọgbẹ́, kó kú. Mẹ́rin ni káàdì yẹn nínú àpótí, mo sì ti ka mẹ́ta tó jáde ṣáájú. Ẹ má bi mí léèrè Sabotage mi, káàdì tó ń fagi lé káàdì ẹlòmíràn. Mo ti lò ó ní wákàtí kan ṣáájú láti fi yọ ẹlòmíràn lẹ́nu.

* * *

Èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí ni. Ẹ ṣeun, War Sun yẹn pa mí lẹ́rìn-ín.

A tún jókòó lóṣù tó kọjá, Hacan náà ni mo mú. Láti ìyípo kìíní ni mo ti fi ọmọ ogun kan sórí Kamdorn, mi ò sì gbé e kúrò títí a fi parí. Aládùúgbò ọjọ́sí tún jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi. Ó wo ọmọ ogun yẹn, ó wò mí, ó yí akẹ́rù rẹ̀ sí ibòmíràn. Méje ni mo parí sí. Òun ló jẹ ẹ́.