Ooru Àkúrẹ́ àti ajá tí a ń mú bọ̀ láti òkè òkun

Ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ béèrè nípa bulldog tí ẹ fẹ́ mú lọ sílé ní Àkúrẹ́, ẹ kú ìmúra. Ìrìn-àjò náà kò kọ mí lóminú tó ooru tí ajá náà yóò bá nílé, pàápàá ní oṣù Kẹta, nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò bá ṣú tí kò rọ̀.

Ajá kì í làágùn bí ènìyàn, àfi díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀; mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń lé ooru kúrò lára, bí ọ̀rinrin bá sì ti kún inú afẹ́fẹ́, itọ́ ahọ́n rẹ̀ kì í tètè gbẹ, mímí náà kò sì ní ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ti onímú kúkúrú bíi bulldog tún le jù, nítorí pé ọ̀nà èémí rẹ̀ há.

Ní ọdún tí mo mú ajá tèmi lọ sílé, mo so ó sábẹ́ òrùlé páànù ní Ọba-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, mo rò pé bí òrùn kò bá ti pa á, ó bùṣe. Nígbà tí ó di ọ̀sán, itọ́ tó ki ń fà lẹ́nu rẹ̀, èrìgì rẹ̀ pupa fòò, ó bì, ó sì ń ta gẹ́gẹ́. Mo sáré gbé e sínú ọkọ̀ gbígbóná, mo forí lé ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko, bẹ́ẹ̀ dúrọ́ọ̀mù omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí n kò bu omi kankan lé e lára. Gìrì mú un lójú ọ̀nà, ó sì kú.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, bí ooru bá mú ajá yín, ẹ kọ́kọ́ tù ú lára kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ da omi sí i lára láti ọrùn dé ikùn, kí ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ má fi aṣọ tútù bò ó nítorí pé ooru yóò há sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì rọ omi sí i lẹ́nu tipátipá. Ara ajá tó dá ṣáṣá kì í sábà kọjá 39.2 lórí òṣùwọ̀n Celsius; bí ó bá ju 41 lọ, ewu ńlá ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti mú un wálẹ̀ sí nǹkan bíi 39.5, ẹ dáwọ́ omi dúró kí òtútù má baà mú un. Kódà bí ó bá dìde tó ń rìn, kí dókítà ṣì rí i, torí pé kíndìnrín lè bàjẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ máa mú un rìn ní ìdájí, kí ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ rárá: bí ooru ìta bá jẹ́ 21 péré lórí òṣùwọ̀n Celsius, inú ọkọ̀ lè kọjá 30 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má gbára lé fáànù nìkan, ẹ mọ bí iná ọba ṣe rí. Ẹ fi àwòrán ibi tí ẹ fẹ́ fi í sí ránṣẹ́, kí a jọ yẹ òrùlé rẹ̀ wò.